Gbólóhùn Kan Ní Èdè Mẹ́ta

    

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ọjọ́ àṣà yìí pè mí, mo sọ fún wọn pé gírámà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó pè mí dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò kúkú ní sọ ti owó fún wa?" Oníṣirò owó ni mí lóòótọ́. Ìwé owó ni mò ń kọ láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà ni mo sì lọ kọ́ ní Ìlú Ọba nígbà tí mo lọ gba oyè kejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo àwọn ilé wa káàkiri Mẹ́kà àti Jẹ́dà, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ báyìí ju owó lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọ̀rẹ́ mi kan mú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bíró pupa ti bo ojú ìwé náà. Tíṣà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọmọ yìí kò mọ gírámà rárá, kí àwọn òbí rẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Inú ń bí bàbá náà gidigidi. Ó ní òun ti pàṣẹ nínú ilé òun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí gbogbo wọn máa sọ. Bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju kí ó kíni lọ. Ẹ bá mi ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ìyá tó bí ọmọ kò lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́, àfi kí ó máa nawọ́ sí àwo oúnjẹ. Ilé dákẹ́ bí ilé tí òkú wà, nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo ní kí ó fún mi ní ìwé náà. Mo kà á bí a ti ń ka ìwé owó tí kò dọ́gba. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí iye tó wọlé àti iye tó jáde kò bá bára mu, a kì í kọ́kọ́ bú akọ̀wé. A ó wá ibi tí iye náà ti yà bàrá. Bí a bá ti rí i, àtúnṣe rẹ̀ kì í pẹ́. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fẹ́ mú nínú ìwé ọmọ náà kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí àkọ́kọ́ ni "The house big." Tíṣà fa ìlà sí i, ó kọ "is" sí àárín. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ ti rí i? Ẹ wo Yorùbá: "Ilé náà tóbi." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, kò sì sí ohun tó kù. "Tóbi" yẹn fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí a ṣe ń sọ pé ó lọ, ó jókòó, ó sùn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé ó tóbi, ó ga, ó dára, ó pupa. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń sọ ọ́. Ẹ wá wo Lárúbáwá tí ọmọ yìí ń fi bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré: "Al-baytu kabiir." Ilé náà, ńlá. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní ilé-kéwú pẹ́ ẹ ó rántí pé gbólóhùn pín sí méjì lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nahwu: èyí tí orúkọ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní jumla ismiyya, àti èyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ̀rẹ̀, jumla fi'liyya. "Al-baytu kabiir" wà nínú ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà tó ti kọjá, "kaana" á wọlé. Fún ti ìsinsìnyí, wọn kì í fi nǹkan kan sí i.

Ẹ ò rí i pé èdè méjì ló ti ọmọ náà lẹ́yìn nígbà tó kọ "The house big"? Gẹ̀ẹ́sì ló dá yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí odindi gbólóhùn wà láìní ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ "big" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní láti wá "is" ti àárín wọn. Ẹ sọ èyí fún ọmọ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, yóò yé e. Bí ẹ bá kàn ń pariwo pé "o tún ti gbàgbé is", yóò tún gbàgbé rẹ̀ lọ́la.

Gbólóhùn kejì: "I didn't ate my food." Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé ọmọ náà ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò kàn sí ẹni tó sọ fún un ni. Nínú Lárúbáwá, "akaltu" ni mo jẹun. Bí mo bá fẹ́ sọ pé n kò jẹun, mo lè mú "lam" wá. Ṣé "lam akaltu" ni màá wá sọ? Rárá o. Gbogbo ọmọ tó wà níwájú mi yìí mọ̀ pé "lam aakul" ni. "Lam" ti gbé ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá lérí, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e yóò bọ́ ẹ̀wù àtẹ̀yìnwá sílẹ̀. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni "didn't". "Did" ti gbé ọ̀rọ̀ àná, "ate" yóò padà di "eat". Ẹrù kan, olórí kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wí i: lam aakul, I didn't eat. Ní Yorùbá ńkọ́? "N kò jẹun." Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pààrọ̀ ẹ̀wù rárá, ì báà jẹ́ àná, ì báà jẹ́ ọ̀la. Mo jẹun, mò ń jẹun, mo ti jẹun, màá jẹun: "jẹun" kò yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà níwájú rẹ̀, "ń", "ti", "máa", ló ń sọ ìgbà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwa tí a ń sọ Yorùbá láti kékeré kì í fiyè sí. Bí mo bá sọ pé "mo jẹ iṣu", ẹ ó gbọ́ ọ pé mo ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé "mo mọ bàbá yín", mo mọ̀ wọ́n di ìsinsìnyí ni. Kò sí àmì kankan lórí méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n ni pé jíjẹ jẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe tó ń parí, mímọ̀ sì jẹ́ ipò tí ènìyàn wà. Ọmọ tó bá ti gba èyí mọ́ra láti ilé kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ "I am eating" tí kì í fi í sọ "I am knowing". Àwa àgbà la máa ń sọ ìyẹn ní ọ́fíìsì.

Ó wá kan gbólóhùn kẹta, òun ló sì mú mi wá síbí lónìí. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "My father went to Jeddah. They have come back." Tíṣà bi í léèrè ní etí ìwé pé, ta ni "they"? Ọmọ kò rí ìdáhùn. Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ mọ ẹni tí "they" jẹ́? Bàbá rẹ̀ ni! "Bàbá mi lọ sí Jẹ́dà. Wọ́n ti dé." Ọmọ tí a kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ló kọ gbólóhùn yẹn. Ó bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ibi tí yóò fi ọ̀wọ̀ náà sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin tó ti ń bínú láti ìgbà tó wọlé, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé mìíràn láàárín wa níbí, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Mẹ́kà ń bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Òṣogbo. Ó fẹ́ràn ìyá àgbà náà dé góńgó. Ó ní, "Màmá, ṣé o ti jẹun? Kí lo jẹ?" Ìyá àgbà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ní ṣé èyí lẹ̀ ń kọ́ wọn níbẹ̀ ni, ṣé ẹgbẹ́ ọmọ yìí ni òun. Ọkùnrin náà na ọmọ rẹ̀. Mo ní kí ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí wọn ara yín wò: ẹ̀ṣẹ̀ wo lọmọ yìí ṣẹ̀? Lárúbáwá ló ń túmọ̀. "Akalti?" ló ń bi àwọn obìnrin gbogbo ládùúgbò, kékeré àti àgbà, kò sì sẹ́ni tó bínú. Àwọn Lárúbáwá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n á pe ọkùnrin ní "amm", wọ́n á pe obìnrin ní "khaala", àwọn mìíràn á lo àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, wọn kò fi dandan lé e pé "ìwọ" gbọ́dọ̀ di "ẹ̀yin" nítorí ọjọ́ orí. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò ní ju "you" kan ṣoṣo lọ fún ọmọ, fún àgbà, fún ọba àti fún ajá.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀wọ̀ wà nínú gírámà. Bí ẹnìkan kò bá kọ́ ọmọ ní "ẹ" àti "o", "yín" àti "ẹ", "wọ́n" àti "ó", ọmọ náà kò lè kúnlẹ̀ kó ìyẹn. Ó lè kúnlẹ̀ títí eékún rẹ̀ yóò fi bó, bó bá la ẹnu tó ní "báwo ni, ṣé o sùn dáadáa", ó ti bàjẹ́. Gbogbo wa la ń sọ pé àwọn ọmọ òkè-òkun kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi gbà pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ arọ́pò-orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lè gbà. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ "anta" àti "anti".

Kí àwọn ọmọ má sì rò pé àwọn nìkan la ń dá lẹ́jọ́. Ẹ̀yin bàbá, mélòó nínú yín ló ti dúró níwájú dókítà tó sọ nípa ìyàwó rẹ̀ pé "he is having headache"? Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. "Ó" tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò tilẹ̀ mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ọmọ yín tó ń kàwé ní Lárúbáwá kì í ṣe àṣìṣe yẹn, nítorí pé láti kékeré ló ti mọ̀ pé "kataba" ni fún ọkùnrin, "katabat" ni fún obìnrin. Ohun tí òun máa ń ṣe ni kí ó pe mọ́tò ní "she", torí pé sayyaara jẹ́ abo ní Lárúbáwá, bí oòrùn ṣe jẹ́ abo tí òṣùpá sì jẹ́ akọ. Bàbá ṣì í síbí, ọmọ ṣì í sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá jókòó pọ̀, ẹ lè tún ara yín ṣe.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àmì ohùn, nítorí pé gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ń kọ sí mi lórí fóònù ni kò ní àmì. "O jẹun" àti "Ó jẹun": èkíní, ìwọ ni, èkejì, ẹlòmíràn ni. Àmì kékeré tó wà lórí "o" ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí mò ń bá wí àti ẹni tí mò ń sọ nípa rẹ̀. Bí mo bá kọ "o gba owo" sínú ìwé àkáǹtì láìfi àmì sí i, ẹjọ́ dé nìyẹn. Àwọn Lárúbáwá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ wo Kùránì, gbogbo fat-ha, kasra àti damma ló pé síbẹ̀. Ẹ wo ìwé ìròyìn wọn, kò sí ọ̀kan, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó mọ gírámà yóò fi wọ́n sí i fúnra rẹ̀ bó ti ń kà. Lóòótọ́, nínú èdè ìwé wọn, fáwẹ́lì tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí. "Ra'a al-waladu al-kalba", ọmọ ló rí ajá. "Ra'a al-walada al-kalbu", ajá ló rí ọmọ. A kò ṣí ọ̀rọ̀ kankan nípò. Nínú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ipò ni ọba: ẹni tó bá wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni olùwà, èyí tó bá wà lẹ́yìn ni àbọ̀. Ẹ yí "Ọmọ rí ajá" padà sí "Ajá rí ọmọ", ìtàn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ní n kò sọ ti owó. Ó dáa. Ọmọ lọ sí bàkálà ìsàlẹ̀, ọjà rẹ̀ jẹ́ ríyà 78. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láti orí ńlá wá sí kékeré: seventy-eight. Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: thamaaniya wa sab'iin, mẹ́jọ àti àádọ́rin. Yorùbá sì sọ ọ́ pé méjìdínlọ́gọ́rin, ọgọ́rin ni, ṣùgbọ́n a yọ méjì. Òǹkà wa ń ro iye bí ó ṣe ń lọ. Láti oókan dé ẹẹ́rin a ń fi kún un, mọ́kànlélógún títí dé mẹ́rìnlélógún. Tí a bá dé 25, a ti ń wo ọgbọ̀n níwájú, a sì ń yọ: márùndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èmi tí mò ń fi ìṣirò jẹun, n kò tíì rí òǹkà tó wù mí tó o. Ọmọ tó bá lè ka 1 dé 100 ní Yorùbá ti kọ́ ìyọkúrò kó tó dé kíláàsì.

Ẹ tún wo ohun tí iye ń ṣe sí orúkọ. Ìwé kan, ìwé méjì, ìwé ogún: "ìwé" kò mira. Gẹ̀ẹ́sì: one book, two books. Lárúbáwá ní tirẹ̀: kitaab, kitaabayn, kutub. Ó ní ẹyọ, ó ní méjì, ó ní ọ̀pọ̀. Èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, ó tún padà sí ẹyọ: "ishruuna kitaaban", ogún ìwé, bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ "twenty book" tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò sì nà wọ́n.

Ẹ̀yin ìyá, nínú ọbẹ̀ tí ẹ sè lónìí, àlùbọ́sà wà níbẹ̀. Láti "al-basal" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. "Al" tó wà níwájú rẹ̀ dà bíi "the" ti Gẹ̀ẹ́sì. A gbé ọ̀rọ̀ mì pẹ̀lú "al" rẹ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàáfíà, bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbáríkà. Nítorí náà bí ẹ bá sọ pé "mú àlùbọ́sà náà wá", "the" méjì lẹ ti sọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn! Ẹ má jẹ́ kí ó tì yín lójú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀. "Algebra" tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ ní iléèwé, al-jabr ni.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà níbí tí ojú ń tì láti la ẹnu níwájú ọmọ wọn. Lárúbáwá tí wọ́n gbọ́ kò ju ti ibi iṣẹ́ lọ, irú èyí tí àwa, àwọn ará Bangladesh, àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Filipíìnì jọ ń sọ: "ana ma fi ma'luum", "inta fi ruuh". Àwọn ọmọ á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi o. Èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá jọ gbé dìde kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́, òun ló san owó iléèwé yín. Ó ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú. "Fi" ń ṣe iṣẹ́ tí "wà" àti "ní" ń ṣe, "ma fi" sì ni "kò sí". Àgbà tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ kó bọ́ sí fus-ha kò pẹ́ jù. Yunifásítì Umm al-Qura tó wà nílùú Mẹ́kà yìí ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí Lárúbáwá kì í ṣe èdè abínibí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n rántí àwọn tó ṣíwájú wa. Ẹni tó kọ ìwé gírámà Lárúbáwá tí gbogbo àwọn tó kù fẹ̀yìn tì, Sibawayh, ará Páṣíà ni. Basra ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 796. Wọ́n ń pìtàn pé àṣìṣe gírámà kan tí wọ́n tún ṣe fún un níwájú àwọn ènìyàn ló mú un lọ jókòó ti nahwu. Ibn Ajurrum tí àwọn ọmọ kéwú ń ka ìwé kékeré rẹ̀ láti Ìlọrin dé Agége, ọmọ Berber láti Fez ni, ó kú ní 1323. Lọ́dọ̀ tiwa, Samuel Ajayi Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ sí Freetown, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tún tẹ ìwé gírámà jáde ní 1852. Ààrin àwọn ènìyàn tí a kó jọ láti ìlú púpọ̀, tí olúkúlùkù ń sọ èdè tirẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ tirẹ̀ jáde ní 1966. Ẹ wo àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo dárúkọ. Èdè ju ẹyọ kan lọ ló yí olúkúlùkù wọn ká, bíi tẹ̀yin ọmọ yìí.

Àti fún bàbá tó ní kí wọ́n pa Yorùbá tì nítorí Gẹ̀ẹ́sì: ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti àárín ọ̀nà lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn iléèwé Saudi ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kìíní láti 2021, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ti ní olùkọ́, Lárúbáwá ti ní olùkọ́. Yorùbá nìkan ni kò ní olùkọ́ níbí àfi ẹ̀yin.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ nípa rẹ̀ ti yí àṣẹ rẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé wọn báyìí ni pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹnìkan á mú gbólóhùn kan wá. Ìyá á sọ ọ́ ní Yorùbá, ọmọ á sọ ọ́ ní Lárúbáwá, bàbá á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wá wo ibi tí olúwà wà, ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà, ohun tí èdè kan ní tí èkejì kò ní. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìyá tó ti dákẹ́ ti ń sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ti kọ́ "didn't eat". Wọ́n ní òun ló máa ń mú gbólóhùn tó le jù wá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú bíró yín. Mo ti bẹ àwọn ìgbìmọ̀, wọ́n fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi yìí fún yín láti kọ nǹkan sí. Mo fẹ́ kí ẹ sọ gbólóhùn mẹ́rin yìí di Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí òbí yín sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó gbé yín délé: "Ìyá àgbà mi ti dé; wọ́n ń sinmi." "Ilé wa kò jìnnà." "Mo fi ọ̀bẹ gé iṣu náà jẹ." "Ẹ̀gbọ́n mi kò ra ìwé méjì yẹn." Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "fi" tó wà nínú ẹ̀kẹta o, òun ni yóò dà yín láàmú jù. Ẹni tó bá parí tirẹ̀ kó mú un wá bá mi nídìí tábìlì tí àwọn ìyá ti ń pín móínmóín.